Làpálàpá Onígun Mẹ́rin

Ìrẹsì ló fa gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ní gbogbo wa ti ń sanra jù, kí ẹni tó bá ní smartwatch máa ka ìṣísẹ̀ rẹ̀, ẹni tó bá rìn jù lóṣù yẹn á gba àpò ìrẹsì kan. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì l'Ékòó báyìí, ta ni kò ní rìn? Ẹ̀gbọ́n mi ti fi aago kan ránṣẹ́ láti London, inú dúrọ́ọ̀ ló wà látọjọ́ yẹn. Mo yọ ọ́ síta, mo so ó mọ́wọ́, mo fà á le dan-in-dan-in kó má baà jábọ́ sínú dánfó. Òun ni mo fi ń wẹ̀, òun ni mo fi ń fọṣọ, òun ni mo fi ń sùn.

Kò pẹ́ tí ọrùn ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ẹ má pè é ní yíyún kékeré o! Nípàdé, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ tábìlì, mo ń fi ha ara ṣòkòtò mi, fìrì-fìrì-fìrì. Ìgbà tí mo wo ojú aago, ìṣísẹ̀ mi ti lé sí i. Aago ò kúkú mọ̀ pé mo jókòó. Bí ọwọ́ bá ti ń mì, ìrìn ni lójú tiẹ̀. Gbogbo ìpàdé yẹn ni mo fi ha ọwọ́, mo fi bọ́ sípò kejì.

Màámi wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n bọ́ aago náà, wọ́n wọ awò ojú. Abẹ́ rẹ̀ ti dúdú, ó ń tàn, ó sú wínníwínní, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé pérépéré bí ẹni pé wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú.

"Làpálàpá ni," ni wọ́n wí. Wọ́n tún tẹjú mọ́ ọn. "Ṣùgbọ́n láyé mi, n ò rí làpálàpá onígun mẹ́rin rí."

Wọ́n já ewé asúnwọ̀n òyìnbó, wọ́n gún un, wọ́n fi ra ibẹ̀. Mo tún so aago lé e. Ìrẹsì ò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Lóru, NEPA múná lọ. Màámi dìde, wọ́n rí i tí nǹkan ń ṣẹ́jú láwọ̀ ewé lọ́wọ́ mi nínú òkùnkùn. Igbe "Jésù!" tí wọ́n ké, ará ilé kejì dáhùn. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, iná yẹn ni aago fi ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ lábẹ́ awọ, kó lè ka bí ọkàn ṣe ń lù.

"Nǹkan tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ẹ lóru, ìwọ lo so ó mọ́ra, o wá ń bi mí pé kí ló ń yún ẹ?"

Ọmọbìnrin apòògùn àdúgbò wa ló dá iná náà láre. Ó ní òógùn àti ọṣẹ tó há sábẹ́ okùn aago ló ń jẹ mí lára, pàápàá bí mo ṣe fà á le yẹn. Ó ní ti àwọn mìíràn, níkẹ̀lì inú irin ni ara wọn kọ̀, òun náà ló máa ń jẹ́ kí yẹtí olówó pọ́ọ́kú dá egbò sí èèyàn létí. Ti àwọn kan, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ni. Àní lọ́dún 2014, Fitbit, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, gba Force, ohun ìsomọ́wọ́ wọn kan tó ń ka ìṣísẹ̀, tí wọ́n ti tà padà lọ́wọ́ àwọn èèyàn nítorí irú ẹ̀. Inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀: àìsàn mi ti dé Amẹ́ríkà kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó fún mi ní ìpara, ó ní kí n bọ́ aago títí ara á fi jinná, bí mo bá sì fẹ́ tún lò ó, kí n máa fọ okùn rẹ̀, kí n nù ún gbẹ, kí n dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí n máa pààrọ̀ ọwọ́.

Ara jinná, awọ ń dán. Mo so aago padà, kò yún mi mọ́, ọwọ́ mi sì dúró jẹ́jẹ́ lábẹ́ tábìlì. Lọ́sẹ̀ yẹn ni mo já wálẹ̀ pátápátá, ó ku díẹ̀ kí n wà lẹ́yìn akápò wa tó lóyún oṣù mẹ́jọ. Ọ̀gá wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n rẹ ohùn wálẹ̀:

"Ṣé kò sí o? Àbí ara ẹ ò yá ni?"