Òrùlé tí wọ́n fi bo Lalibela

Iṣẹ́ sọ́féyọ̀ ni mò ń ṣe, wíwọn ilẹ̀ ni mo fi ń jẹun, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo dé Lalibela ní Etiópíà ní oṣù kẹjọ 2019, gbogbo àwọn tá a jọ lọ ń ya fọ́tò, èmi ń wo ibi tí omi ń gbà. Àsìkò òjò wọn ni, ilẹ̀ tutù rinrin.

Fún ẹni tí ò bá mọ ibẹ̀, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ló wà níbẹ̀, wọn ò kọ́ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn o, wọ́n gbẹ́ wọn ni. Orí àpáta ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbẹ́ kòtò yí i ká títí ó fi ku òkúta ràgàjì kan láàárín, wọ́n wá wọ inú òkúta yẹn lọ, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n gbẹ́ fèrèsé, wọ́n gbẹ́ òpó, kò sí bíríkì kankan níbẹ̀. Mọ́kànlá ni gbogbo ẹ̀. Bete Giyorgis tó rí bí àgbélébùú, tó o bá ń bọ̀ lókèèrè o ò ní rí nǹkan kan, àfi tó o bá dé etí kòtò gan-an, wàá wá rí òrùlé ẹ̀ nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ. Ó jìn tó mítà 12. Bete Medhane Alem ló tóbi jù, ó gùn ju mítà 30 lọ. Àwọn ará ibẹ̀ ní Ọba Lalibela ló gbẹ́ wọn, ní nǹkan bí ọdún 1200, pé táwọn òṣìṣẹ́ bá ṣíwọ́ lálẹ́ àwọn áńgẹ́lì á gba iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn onímọ̀ kan rò pé òmíì ti wà ṣáájú ọba yẹn, pé Bete Gabriel-Rufael lè jẹ́ ààfin tàbí odi tẹ́lẹ̀ kó tó di ṣọ́ọ̀ṣì. Francisco Álvares, àlùfáà ará Potogí tó débẹ̀ láyé àwọn ọdún 1520, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kíkọ nípa wọn ti sú òun torí àwọn èèyàn ò ní gba òun gbọ́, ó wá búra sí i.

Omi ni ọ̀tá ibẹ̀. Nǹkan tó bá ti wà nínú kòtò, ibẹ̀ ni òjò máa rọ́ lọ. Àwọn tó gbẹ́ ẹ mọ̀, wọ́n jẹ́ kí àgbàlá da gẹ̀rẹ́, wọ́n gbẹ́ gọ́tà sínú àpáta. Ṣùgbọ́n gọ́tà máa ń dí, òkúta ibẹ̀ náà sì jẹ́ ti òkè ayọnáyèéfín, ó ní ihò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, ó ń fa omi mu, tó bá yá á sán. Àwọn kan ti fi ọ̀dà kun òrùlé ẹ̀ rí kí omi má bàa wọlé, Sandro Angelini ará Ítálì àtàwọn èèyàn ẹ̀ ló wá ń ha á kúrò láàárín 1966 sí 1972. Ní 2008 wọ́n fi owó European Union gbé òpó irin gìrìwò dúró, wọ́n fi òrùlé ńlá bo ṣọ́ọ̀ṣì márùn-ún. Fúngbà díẹ̀ ni wọ́n pè é. Mo dé lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, ó ṣì wà níbẹ̀! Ẹ̀rù ń ba àwọn ará ìlú pé atẹ́gùn á wó o lé ṣọ́ọ̀ṣì lórí, wọ́n sì jáde ṣe ìwọ́de lóṣù kẹwàá 2018.

Ohun tó dùn mọ́ mi ni iṣẹ́ Zamani Project ti Yunifásítì Cape Town, tí Heinz Rüther dá sílẹ̀ ní 2004. Wọ́n gbé laser scanner lọ síbẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn á tan ìmọ́lẹ̀ sí òkúta, ìmọ́lẹ̀ á padà, òun á fi ìyẹn mọ bí ó ṣe jìnnà tó, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ àmì, wọ́n á wá so gbogbo ẹ̀ pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Tí wọ́n bá tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí wọ́n gbé méjèèjì léra, ibi tí òkúta bá ti jẹ kúrò ò lè fara pamọ́. Nígbà tí ogun wọ Lalibela ní 2021, oorun ò kùn mí, ohun tí mo kàn ń sọ fún ara mi ni pé ìwọ̀n ẹ̀ wà nílẹ̀, ó wà nílẹ̀.

Àmọ́ bàbá àlùfáà kan níbẹ̀, ẹni tó ń mú wa kiri ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀ fún mi, bàbá yẹn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ó ní kémi náà gbé e lé e, ó ní òun mọ ibi tó ń mu omi àtibi tí kì í mu ún láti kékeré òun. Mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni ti kọ ohun tó mọ̀ yẹn sílẹ̀ rí. Ó ní rárá, òkúta ni wọ́n wá wọ̀n. Ó dùn mí gan-an, torí bí àwa náà ṣe ń ṣe nìyẹn, a máa ń gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, a ò ní bi onílẹ̀ ní nǹkan kan.

Kí n tó kúrò, òjò bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan sá jáde pẹ̀lú igi gbọọrọ lọ́wọ́, aṣọ funfun lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ewé àti ẹrẹ̀ jáde nínú gọ́tà. Kò sẹ́ni tó rán an. Mo ya ìyẹn ní fọ́tò, mo kọ déètì àti aago sí i, mo ya gọ́tà náà sínú ìwé mi pẹ̀lú ibi tó gbà lọ.