Kí Àpò Ọrẹ Tó Dé Ọ̀dọ̀ Rẹ

Ilé ni wọ́n ti ń ṣírò ọrẹ. Ohun tí Pọ́ọ̀lù ní kí àwọn ará Kọ́ríńtì ṣe nìyẹn (1 Kọ́ríńtì 16:2): ní ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀, kí olúkúlùkù yọ tirẹ̀ sọ́tọ̀ bí ó bá ṣe rí ṣe sí, kó má baà jẹ́ pé ìgbà tí òun bá dé ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dáwó. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí àpò ọrẹ dé iwájú rẹ̀, ohun tí ọwọ́ bá kàn lápò ló máa fi síbẹ̀, tàbí kí ìlù àti orin bá a pinnu iye.

Ìjà wà lórí ìdámẹ́wàá. Ábúráhámù san án fún Melkisédékì kí òfin Mósè tó dé. Nígbà tí òfin dé, irè oko àti ẹran ọ̀sìn ni wọ́n ń mú wá. Àwọn ọmọ Léfì ló ń gbà á nítorí pé wọn kò ní ìpín ilẹ̀, àwọn náà á sì yọ ìdámẹ́wàá nínú rẹ̀ fún àlùfáà (Númérì 18). Ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, inú ìlú ni ìdámẹ́wàá ọdún náà ń wà, fún ọmọ Léfì, àlejò, ọmọ òrukàn àti opó (Deutarónómì 14:28-29). Àwọn tó máa ń fi Málákì 3:10 pariwo kì í sábà ṣí ibẹ̀ yẹn. Pọ́ọ̀lù ní tirẹ̀ kò dá iye kankan lé ìjọ; bí oníkálukú bá ti pinnu lọ́kàn ni, láìsí ìfipáṣe (2 Kọ́ríńtì 9:7). Lójú tèmi, òṣùwọ̀n tó dára ni ìdámẹ́wàá, kì í ṣe owó orí.

Oníṣòwò ló sábà máa ń ṣì í ṣírò. Ẹni tó fi 80 ra ọjà, tó tà á ní 100, 20 ni èrè rẹ̀, 2 sì ni ìdámẹ́wàá rẹ̀. Bó bá yọ 10, ìdajì èrè ti lọ; ìyókù kò ní tó jẹun, owó ìdókòwò ni yóò máa bù jẹ. Nígbà tí òwò bá wá dẹnu kọlẹ̀, ọmọ aráyé ni wọ́n máa ń dì í rù. Owó tí èèyàn yá kì í ṣe èrè pẹ̀lú: ohun tí èèyàn ní ni Ọlọ́run ń wò, kì í ṣe ohun tí kò ní (2 Kọ́ríńtì 8:12).

Ti akápò wá kù. Nígbà ayé ọba Jóáṣì, àwọn àlùfáà ló ń gba owó àtúnṣe tẹ́ńpìlì lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Nígbà tó fi máa di ọdún 23 ìjọba rẹ̀, wọn kò tíì tún ibi tó bàjẹ́ ṣe (2 Àwọn Ọba 12). Àlùfáà Jehoiádà gbé àpótí kan, ó lu ihò sí ìdérí rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Bí owó bá pọ̀ nínú rẹ̀, akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà á jọ kà á, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á gbé e fún àwọn alábòójútó iṣẹ́ láti san owó káfíńtà àti ọ̀mọ̀lé.

Bó ṣe yẹ kó rí títí dòní nìyẹn: èèyàn méjì ó kéré tán, tí wọn kì í ṣe ọmọ ilé kan náà, kí wọ́n kà á kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, kí wọ́n kọ iye sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n yọ owó epo tàbí ti àlejò nínú àpò kí wọ́n tó kà á. Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó lè mọ iye tó wọlé mọ́. Bí o bá sì fẹ́ kí tìrẹ dé ọ̀dọ̀ opó, kọ "fún opó" sára àpòòwé, kí o kọ iye tó wà nínú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, nítorí pé bí wọ́n bá ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí tábìlì, owó opó àti owó gẹnẹrétọ̀ kò yàtọ̀ síra mọ́.