Ìdì ọwọ̀ àti ẹnu irin: bí mo ṣe ń yan irinṣẹ́ ìgégi nínú ilé

Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni mo kan tábìlì oúnjẹ àkọ́kọ́ tí mo ṣe fúnra mi, lábẹ́ òrùlé páànù tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Kubwa, nígbà tí òjò Abuja ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́. Pákó ọ̀gànwó tí mo rà ní ọjà igi Dei-Dei ni mo fi ṣe ojú rẹ̀. Mo lẹ pákó mẹ́rin pọ̀, mo sì fi gọ́ọ̀mù àti ìṣó dè wọ́n mọ́ férémù ìsàlẹ̀ pinpin. Kí oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀lé e tó parí, ọyẹ́ ti fa omi ara igi náà tán, ojú tábìlì sì ti là láti etí kan títí dé àárín. Ìyàwó mi fi aṣọ bò ó, kò sì sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí kò sọ.

Igi a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́ ní ìgbà òjò, a sì máa tú u sílẹ̀ ní ìgbà ọyẹ́, àti pé níhìn-ín ní àríwá, níbi tí ọyẹ́ ti ń gbẹ ètè ènìyàn títí yóò fi là, ìyàtọ̀ àárín ìgbà méjèèjì pọ̀ ju ti Ìbàdàn tí mo ti dàgbà lọ. Gígùn pákó kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá. Ìbú rẹ̀ ni ó ń fẹ̀ tí ó sì ń súnkì, èyí tó tẹ̀lé òbìrípo ọdún igi (àwọn ìlà roboto tí a ń rí lójú igi tí a gé) sì máa ń tó ìlọ́po méjì èyí tó kọjú sí àárín igi. Ohun tó fa gbogbo èyí ni iṣan igi, ìyẹn àwọn fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn láti ìdí igi dé orí rẹ̀. Nígbà tí mo lóye iṣan yìí ni mo tó lóye ìdí tí ayùn kan fi ń gé igi bí ẹni gé iṣu sísè, tí òmíràn sì ń fà á ya.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìdì ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀ ṣe àkàwé. Bí ẹnì kan bá fẹ́ pín in sí méjì ní gígùn, ọwọ́ lásán tó o. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ gé e níbùú, àfi kí ó wá ọ̀bẹ tó mú, kí ó sì gé ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn igi ọwọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni pákó rí. Ayùn tí a fi ń la pákó ní gígùn ní ehín tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ bíi ti ṣísẹ̀lì (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń gbẹ́ igi) kéékèèké, ehín márùn-ún sí méje nínú ínǹṣì kan, èyí tó ń gbẹ́ iṣan kúrò lọ́nà. Ayùn tí a fi ń gé e níbùú ní ehín tó ṣọnṣọ bí ọ̀bẹ, mẹ́jọ sí méjìlá nínú ínǹṣì, a sì pọ́n ẹ̀gbẹ́ ehín kọ̀ọ̀kan kí ó lè kọ́kọ́ já iṣan kí ó tó kó o jáde. Ẹni tó bá fi ayùn ìbú la pákó onífíìtì méjìlá ní gígùn yóò làágùn lásán. Ẹni tó bá sì fi ayùn gígùn gé e níbùú yóò rí i pé etí rẹ̀ ya játijàti.

Ọ̀pọ̀ ayùn tuntun tó wà lọ́jà báyìí ni wọ́n ti fi iná sọ ehín rẹ̀ di líle, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n nípa dúdú tó dà bí aró tó wà lẹ́nu ehín náà. Irú ayùn bẹ́ẹ̀ a máa pẹ́ kí ó tó kú, ṣùgbọ́n nígbà tó bá kú, fáìlì kò lè jẹ ẹ́ mọ́. Èmi kò kórìíra rẹ̀. Mo ní ọ̀kan fún pákó tó ní ìṣó nínú. Fún iṣẹ́ tó nílò ìfarabalẹ̀, ayùn irú ti Japan ni mo ń lò, èyí tí a ń fà sọ́dọ̀ dípò kí a tì í. Nítorí pé fífà ló ń gé igi, irin rẹ̀ kì í ká, wọ́n sì lè ṣe é ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kí n tó gbé ayùn lé ìlà èyíkéyìí, mo máa ń fi ọ̀bẹ fa ìlà náà dípò pẹ́ńsù, nítorí pé ọ̀bẹ ti já iṣan ojú igi ṣáájú, etí rẹ̀ kò sì ní ya.

Ti ṣísẹ̀lì ni mo fi owó ṣòfò jù. Mo ra páálí kan tó ní ṣísẹ̀lì mẹ́fà nínú, tó ń dán gbinrin, nígbà tí mo sì fi gbẹ́ ihò àkọ́kọ́ sínú pákó ìrókò, ẹnu rẹ̀ ká bí etí ìwé. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Kubwa lọ sí Rigasa, mo sì bọ́ sí ọjà Panteka ní Kaduna, níbi tí àlòkù irin gbogbo wà nílẹ̀ bí ìṣáná. Bàbá káfíńtà kan tó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó mú mi lọ, ó sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dán irin wò: wọn a fi igun fáìlì fa ẹnu ṣísẹ̀lì náà díẹ̀, bí fáìlì bá yọ̀ lórí rẹ̀, irin náà le, bí ó bá jẹ ẹ́ bí ẹni ń fá ọṣẹ, kí ènìyàn gbé e padà sílẹ̀. Ó tún ní kí n wo ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé bí ìpẹtà bá ti gbẹ́ kòtò sí ẹ̀yìn ṣísẹ̀lì lẹ́bàá ẹnu, kò sí bí a ṣe lè pọ́n ọn tí yóò mú délẹ̀. “Ọmọ mi,” ni ó wí nígbà tí mo na ọwọ́ sí ọ̀kan tí ẹnu rẹ̀ ti di aláwọ̀ aró, “irin tí òkúta oníná ti jó báyìí ti kú.” Òótọ́ ni, nítorí pé bí a bá pọ́n irin lórí ẹ̀rọ tó ń yí láìmáa rì í sínú omi léraléra, ooru yóò mú líle rẹ̀ kúrò. Mẹ́ta ni mo rà lọ́jọ́ náà, ti mìlímítà 6, 12 àti 25, mi ò sì tíì rí ìdí láti ra ẹ̀kẹrin.

Pípọ́n wọn kò nílò òkúta olówó gọbọi. Mo lẹ sáńpépà onípele mẹ́ta mọ́ gíláàsì wíńdò tó nípọn, mo sì ń fi omi sí i. Dígírì 25 ni mo ń pọ́n ẹnu ṣísẹ̀lì sí, lẹ́yìn náà ni mo máa ń gbé ìdí rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ṣóńṣó ẹnu nìkan lè tó dígírì 30, nítorí pé igi tiwa le, ẹnu tó bá tinrín jù a sì máa ya.

Àwọn àgbà agbẹ́gilére ilẹ̀ Yorùbá, irú àwọn ìdílé tí olóògbé Lamidi Fakeye ti Ìlá Ọ̀ràngún ti jáde wá, ti ní ètò tiwọn fún èyí tipẹ́: ọ̀nà lílé (gígé ìrísí iṣẹ́ jáde), àlétúnlé (títún ìrísí náà gé kí ó hàn dáadáa), dídán (mímú kí ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀), fífín (gígé ọnà wẹ́wẹ́ sí i). Àáké ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀bẹ kékeré ni wọ́n fi ń parí, wọn kì í sì í gbé èyí tó yẹ fún fífín nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà ní lílé. Nígbà tí mo bá rí ọ̀dọ́ tó fẹ́ fi ìfági ṣe iṣẹ́ tí ayùn ì bá ti ṣe tán, ètò yìí ni mo máa ń rántí.

Ìfági, tí àwọn káfíńtà ń pè ní pléènì, ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín bóyá ẹ mọ iṣan igi. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ìwọ̀n wọn: nọ́ńbà 5, tó gùn tó ínǹṣì 14, wúlò fún títẹ́ ojú pákó, nọ́ńbà 4 sì wúlò fún dídán an. Bí owó bá tó ọ̀kan péré, nọ́ńbà 5 ni kí ẹ rà. Wàhálà tiwa ni pé iṣan ọ̀gànwó àti ti ìrókò lọ́ mọ́ra wọn, ìpele kan kọjú sí ìhà kan, èkejì kọjú sí ìhà kejì, tó fi jẹ́ pé ibi tí ìfági bá ti dán lónìí ni yóò ti fà ya ní ínǹṣì méjì síwájú. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú gan-an, kí ohun tó ń fá sì tinrín bí awọ àlùbọ́sà. Níbi tí èyí kò bá ti ṣiṣẹ́, abala irin pẹlẹbẹ tí a pọ́n etí rẹ̀ ni mo fi ń ha á. Ìrókò tún ní àrékérekè mìíràn: òkúta funfun a máa dì sínú rẹ̀, mo sì ti fi ehín ayùn kan tọrẹ fún irú òkúta bẹ́ẹ̀ rí. Eruku rẹ̀ pẹ̀lú a máa ta imú àti awọ ara, nítorí náà ẹ bo imú yín.

Irinṣẹ́ oníná kò pọ̀ lọ́dọ̀ mi, nítorí iná àdúgbò wa kò ṣeé gbára lé, ariwo jẹnẹrétọ̀ sì ti tó àwọn aládùúgbò. Mo ní ayùn roboto oníná kan tí abẹ rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 185. Abẹ eléhín 24 ni mo ń fi sí i láti la pákó ní gígùn, nítorí pé àyè gbọ̀ngàn tó wà láàárín ehín rẹ̀ ni ó ń kó eruku jáde. Eléhín 60 ni mo ń lò fún pláíwúùdù kí ojú rẹ̀ má baà ṣí. Mo máa ń fi èèkàn igi tinrín há ojú ibi tí mo ti là, nítorí pé bí pákó bá pa ẹnu dé mọ́ abẹ tó ń yí, ayùn náà yóò fò padà sí ẹni tó dì í mú.

Ní 2022 mo tún tábìlì náà ṣe. Mo gbẹ́ ihò fún ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì fi ìdá kan nínú mẹ́ta nípọn igi ṣe ahọ́n tó wọ inú ihò náà. Ní ti ojú rẹ̀, mi ò lo gọ́ọ̀mù láti dè é mọ́ férémù mọ́. Súkúrù ni mo fi dè é láti ìsàlẹ̀, ihò súkúrù kọ̀ọ̀kan sì gùn gbọọrọ níbùú kí pákó lè rí àyè sún. Ní oṣù kìíní tó kọjá, mo fi téèpù wọn ojú tábìlì náà: ó ti fi mìlímítà mẹ́jọ dín sí bí ó ṣe wà ní oṣù kẹjọ. Kò là. Aṣọ tábìlì wà nínú àpótí.