Ta Ló Máa Jẹ Ẹ́?

Ọjọ́rú. Òjò rọ̀ láti Ọjà Ọba títí dé Òkè Àró, ọlọ́kadà méjì ni kò gbà láti gbé mi. Mo pẹ́.

"Wọ́n ń fi ẹyin ṣeré, wọ́n ní àwọn ń kọ́ ọmọ níwèé."

Ẹnu géètì ni mo ti gbọ́ ọ nígbà tí ilé ìwé jáde. Ìyá àgbà kan ń sọ ọ́ fún ẹnì kejì wọn, kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá wí. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Láti ìgbà náà ló ti há mi lọ́fun.

Ṣeré kẹ̀? Ohun tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi lónìí nìyí.

Píọ̀ wọ́tà ọ̀rá kan, 50cl, ni mo dà sínú ike tí mo gé orí rẹ̀. Mo fi ẹyin sí i, ó rì, ó jókòó sísàlẹ̀ jẹ́ẹ́. Mo ní kí wọ́n máa bu iyọ̀ sí i ní ṣíbí ìjẹun kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa rò ó. Ṣíbí kìíní, ẹyin ò mira. Ìkejì, kò mira. Kíláàsì pa rọ́rọ́, àwọn ọmọ ọdún 6 tí kì í dákẹ́! Nígbà tó di ìkẹrin, ó gbé ìdí kan sókè, ó ń mì bí ẹni tó fẹ́ dìde lórí ẹní. Ìkarùn-ún, ó gòkè wá, orí rẹ̀ yọ lójú omi.

"Ó ti bàjẹ́!"

Ọmọ-ọmọ ìyá àgbà yẹn gan-an ló pariwo. Ẹyin ni wọ́n ń tà nílé wọn, inú omi ni wọ́n sì ti ń yẹ̀ ẹ́ wò: èyí tó bá léfòó, wọ́n á sọ ọ́ nù. Òótọ́ sì ni, bí ẹyin bá ṣe ń pẹ́ ni omi inú rẹ̀ ń gbẹ, tí atẹ́gùn ń gba àyè rẹ̀, tó sì ń fúyẹ́. Ọmọ náà gbé ìmọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà wá sí kíláàsì mi. Eré wá nìyẹn?

Mo fọ́ ẹyin náà sínú abọ́ kí wọ́n rí i pé kò ṣe nǹkan kan, pé omi ni iyọ̀ mú wúwo, òun ló ń tì í sókè. Pupa rẹ̀ dúró gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn wá béèrè, ohùn rẹ̀ ò ga, "Àǹtí, ta ló máa jẹ ẹ́?"

Mo ní kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́. Mo dà á nù.

Láti ọ̀sán ni mo ti ń bínú sí ìyá yìí. Bí mo ṣe kọ ìlà yẹn tán, mi ò mọ ẹni tí mò ń bínú sí mọ́. Ẹyin kan ṣoṣo ni o. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ yẹn tẹ̀lé abọ́ náà dé ẹnu ọ̀nà. Síbẹ̀, kí wọ́n má pè é ní eré. Tàbí eré náà ni, àmọ́…

Òmíràn tún wà. Ọmọ kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ayétòrò, ìlú etí òkun, béèrè bóyá ẹyin á léfòó nínú òkun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò tilẹ̀ rò ó. Alẹ́ yìí ni mo wá yẹ̀ ẹ́ wò: iyọ̀ inú lítà omi òkun kan ò ju nǹkan bíi gíráàmù 35 lọ. Bíi ṣíbí ìjẹun kan nínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan nìyẹn. Ṣíbí kìíní! Òkun ti wà nínú ike yẹn, ẹyin jókòó sísàlẹ̀ rẹ̀, gbogbo wa rí i, mo sì sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí òkun ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn rẹ̀.

Mo ṣe é níbi ìdáná pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, iná ò sí. Ó rì.

Lọ́la màá sọ fún wọn pé mo ṣì í sọ. A ó tún un ṣe, ṣíbí kan péré. Mi ò ní fọ́ ọ, màá sè é. Ẹyin kan, ọmọ 31…