Èyí Tó Kù Nínú Mi

Ẹ kú òpin ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù karùn-ún, mi ò lè sọ. Ọjọ́ kan péré ló wà nínú ọdún yìí lójú mi: Ọjọ́bọ̀ kan lóṣù kejì, tí wọ́n gbé èmi àti Àrẹ̀mú ọmọ ìyá mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n yọ kíndìnrín mi ọwọ́ òsì, tí wọ́n sì gbé e fún un.

Ẹ ti mọ bá a ṣe dé ibẹ̀. Ẹ wà pẹ̀lú wa ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ torí pé kíndìnrín tirẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ sì bá wa dáwó. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ náwó àìsàn. Àrẹ̀mú ti padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Gbági. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ tọ̀ dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ṣe ni ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún.

Ọ̀rọ̀ tèmi ni mo fẹ́ sọ lónìí. Wọ́n kó ìwé fún Àrẹ̀mú: ọjọ́ àyẹ̀wò, oògùn, nọ́ńbà tí yóò máa pè. Èmi, wọ́n tú okùn ojú ọgbẹ́ mi, wọ́n ní ara mi ti dá, kí n máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó pè mí mọ́. Èmi náà gbà pé ó ti parí. Mo padà sí ìsọ̀ ẹ̀wà mi ní Bódìjà.

Lóṣù kẹjọ, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Ìyá alágbo bu ọpá ẹ̀yìn fún mi, mo mu ún fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo tún ra ibuprofen, oògùn ara ríro, ní kẹ́míìsì. Àbúrò ìyàwó Àrẹ̀mú, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló rí páálí oògùn náà lórí tábìlì mi. Ó figbe ta. "Àǹtí, ṣé wọn ò sọ fún yín pé ẹ ò gbọ́dọ̀ lo èyí mọ́ ni?" Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó mú mi lọ sí láàbù.

Dókítà ṣàlàyé pé creatinine, ìyẹn ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń sẹ́ jáde, máa ń ga díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lára ẹni tó bá fi kíndìnrín kan sílẹ̀. Èyí tó kù á tóbi sí i, á gba iṣẹ́ kún iṣẹ́, títí agbára rẹ̀ á fi tó nǹkan bí ìdá 60 sí 70 nínú 100 agbára méjèèjì. Àmọ́ creatinine tèmi ti ga kọjá bẹ́ẹ̀. Mo jáwọ́ nínú àgbo, mo jáwọ́ nínú ibuprofen. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó wálẹ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́.

Dókítà náà ló sọ fún mi nípa ìwádìí kan tó jáde l'Amẹ́ríkà ní 2014. Nínú 10,000 aláwọ̀ dúdú tó fi kíndìnrín sílẹ̀, nǹkan bí 75 ni èyí tó kù daṣẹ́ sílẹ̀ fún láàárín ọdún 15. Nínú 10,000 aláwọ̀ dúdú tí ara wọn le bíi tiwọn àmọ́ tí wọn ò fi kíndìnrín sílẹ̀, nǹkan bí 24 ni. Kò pọ̀. Ká ní mo ti mọ̀ ṣáájú, màá ṣì fi í sílẹ̀ fún Àrẹ̀mú. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n mọ̀. Ó sì yẹ kí ẹnì kan máa pè mí lọ́dọọdún láti yẹ ìfúnpá mi, ẹ̀jẹ̀ mi àti ìtọ̀ mi wò, bí wọ́n ṣe ń pe Àrẹ̀mú.

Màmá ló kọ́kọ́ fẹ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀, ẹ rántí. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ò jẹ́. Ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ láti àárọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n, ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà nínú lọ́hùn-ún. Lóṣù kẹsàn-án, ẹ̀jẹ̀ ríru náà ló... Ẹ ti gbọ́. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá bá wa ní Òkè-Àdó. Wọ́n ní àmàlà náà kárí, gbẹ̀gìrì náà sì dùn.

Ẹ̀rọ tó fi ń wọn ìfúnpá ti wà lọ́wọ́ mi báyìí. Àyè ẹni méjì ló wà nínú rẹ̀: Màmá ni àkọ́kọ́, mo fi ara mi sí èkejì. Iye tirẹ̀ tó kẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀, mi ò pa á rẹ́. Tèmi láàárọ̀ yìí jẹ́ 122 lórí 78. Oṣù kejì tó ń bọ̀ ni yóò pé ọdún kan, mo ti fúnra mi gba ọjọ́ àyẹ̀wò. Àrẹ̀mú ní òun ló máa sìn mí lọ.