Àdúrà Tí Mo Ń Fi Ránṣẹ́, Tí N Kò Gbà

Ilé bàbá mi ní Kúdẹtì, ní Ìbàdàn, ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mo sùn lọ́dọ̀ ìyá mi nítorí ìpàdé ẹbí. Nígbà tí aago márùn-ún ààbọ̀ lù, ìyá mi lu agogo kékeré tí a ti ń gbọ́ láti ìgbà èwe wa, gbogbo wa sì péjọ sí pálọ̀ fún àdúrà òwúrọ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n ka Bíbélì. Mo ṣí Sáàmù 63 lórí fóònù mi, mo sì ń kà á sókè. Bí mo ṣe dé ibi tí Dáfídì ti ń sọ pé òùngbẹ Ọlọ́run ń gbẹ ọkàn òun, àtẹ̀jíṣẹ́ kan já wálẹ̀ láti òkè ojú fóònù: ẹnì kan ń béèrè iye tí ó kù nínú owó aṣọ ẹbí. N kò mọ ìgbà tí mo dákẹ́. Ìyá mi lajú, ó ní, "Ọmọ mi, ta ni ó ń bá ọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn?" Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, èmi kò lè rín.

Ẹni tí ó bá rí mi kò ní sọ pé mo jìnnà sí Ọlọ́run. Mo wà nínú gúrúùpù àdúrà mẹ́rin lórí WhatsApp. Ìwàásù ni mo máa ń fi sétí nínú ọkọ̀ láti Àpáta dé Dùgbẹ̀. Kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀, mo ti fi àdúrà ránṣẹ́ sí ogún ènìyàn, mo sì ti tẹ "Àmín" sábẹ́ ti àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sílé lọ́jọ́ náà, mo bi ara mi léèrè ìgbà tí mo bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, kí ó jẹ́ èmi àti òun nìkan, láìsí ohùn ẹlòmíràn láàárín wa, n kò sì rántí. Bọ́ọ̀lù, fíìmù àti àríyànjiyàn òṣèlú ni mo ti máa ń kà sí ọ̀tá àdúrà, àṣé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó gba àyè Ọlọ́run lọ́wọ́ mi tó bí ọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́run ṣe gbà á. Ẹni tí ó ń jẹ ìpápánu láti àárọ̀ di alẹ́ kò ní mọ̀ pé ebi ń pa òun. Oúnjẹ gidi ni kò ní lè jẹ.

N kò di gbogbo ẹ̀bi ru ara mi. Àwọn tí ó ṣe ojú ewé orí fóònù wọ̀nyí ti mú ìparí kúrò lára wọn: bí ìka ṣe ń fà á ni òmíràn ń yọ. Orí kan nínú Bíbélì a máa parí, ìdákẹ́jẹ́ tí ó sì tẹ̀lé e ni ènìyàn fi ń gbàdúrà.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni mo tún rántí àwọn òyìnbó ajíhìnrere kan, David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n wá gbé ní Kúdẹtì ní 1853 láti wàásù. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí, oúnjẹ àti lẹ́tà sì ṣọ̀wọ́n fún wọn fún ọdún bíi mélòó kan. N kò sọ pé ìyà dára. Dátà mi kì í tán kí ara mi má gbóná. Mo kàn ń rò ó pé ẹni tí ó ń retí lẹ́tà fún oṣù púpọ̀ kò ní sáré dìde láàárín àdúrà láti lọ wo ẹni tí ó kọ̀wé. Èmi máa ń wò ó kí n tó parí Àdúrà Olúwa.

Ní Ògùnpa, mo ra aago kékeré kan tí ń jí ènìyàn, fóònù sì di ẹni tí ń sùn nílé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike gààrí. Ìyá mi fún mi ní Bíbélì bàbá mi olóògbé, èyí tí a tẹ̀ ní àkọtọ́ àtijọ́, tí "li" àti "yio" kún inú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹsẹ kan, bàbá mi ti fi pẹ́ńsù kọ orúkọ àwa ọmọ rẹ̀. Tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sáàmù 121, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo kúrò nílé lọ sí ilé ìwé gíga. Kò sọ fún mi rí.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le. Mo kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi láàárín ìṣẹ́jú méjì, ọwọ́ mi sì ń wá ohun tí kò sí lórí ibùsùn. Mo ń gbọ́ ìpè ìrun láti mọ́sálásí ìsàlẹ̀ wa, mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, n kò sì gbọ́ nǹkan mìíràn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, mo sọ fún Ọlọ́run pé àárẹ̀ mú mi, pé n kò sì mọ ohun tí mo fẹ́ tọrọ. Ó pẹ́ tí mo ti sọ òótọ́ bẹ́ẹ̀ nínú àdúrà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gbé fóònù padà sí yàrá nítorí ìpàdé gúrúùpù kan, ó sì gbà mí tó ọjọ́ márùn-ún kí n tó lè dá a padà sí ilé ìdáná.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó kọjá, mo dé ilé ìdáná ní aago méje, mo rí i pé ìyá mi ti pè mí ní aago mẹ́fà. Àyà mi já, mo sáré pè é padà. Ó ní kò sí nǹkan kan, òun kàn fẹ́ wò ó bóyá n ó gbé e ni.