Àyẹ̀wò ọdún: Ọmọ méjì, orúkọ kan

Ọdún ti ń lọ sópin, ìtàn ìdílé wa ni mo sì fẹ́ fi ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, torí òun ló gbà mí lọ́kàn jù lọ́dún yìí. Ìbéèrè tí mo gbé dání ò ju ẹyọ kan lọ: ọdún wo gan-an ni wọ́n bí bàbá bàbá mi?

Ìwé ìbí tó wà nílé sọ tiẹ̀. Rẹ́jísítà ilé ìwé fi ọdún mẹ́fà dín ọjọ́ orí bàbá kù. Ìwé ìgbéyàwó bọ́ sáàárín méjèèjì. Ìwé ẹ̀rí ikú wá bá ìwé ìbí mu rẹ́gí, lọ̀pọ̀ nínú ẹbí bá ní ọ̀rọ̀ ti parí. Èmi ò gbà. Ta ló sọ ọjọ́ orí fún akọ̀wé tó kọ ìwé ikú? Ọmọ olóògbé ni, ìwé ìbí yẹn gan-an ló sì mú dání lọ. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì ni.

Ìwé náà, ẹnu èèyàn ló ti jáde kó tó di ìwé. Ẹni tó sọ ọ́ lè máà sí níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀, akọ̀wé sì ní òfin tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Nínú ìkànìyàn ọdún 1841 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní kí wọ́n máa gé ọjọ́ orí ẹni tó bá ti ju ọdún 15 lọ wálẹ̀ sí iye tó ṣeé fi 5 pín. Ẹni ọdún 34 di ẹni 30, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó purọ́. Nílẹ̀ yẹn kan náà, kó tó di 1752, ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ìwé ìgbà náà ní wọ́n bí lóṣù Kejì ọdún 1740, 1741 ni tiwa. Ẹni tí kò bá mèyí, á ní ìwé méjì ń ta ko ara wọn.

Àwọn àgbà náà ò fohùn ṣọ̀kan. Àbúrò bàbá mi obìnrin ní bàbá àwọn ni àkọ́bí, kò sẹ́ni tó ṣáájú rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan nínú ẹbí ní ọmọ kan ti wà ṣáájú, pé ó kú ní kékeré. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Mo jókòó ti kálukú lọ́tọ̀, mo sì bi wọ́n ní ohun kan náà: "Ta ló sọ ọ́ fún yín?" Àbúrò bàbá mi gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá wọn. Bàbá àgbàlagbà gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá wọn, tó ń gbé nínú ilé náà lásìkò yẹn. Ẹni tí wọn ò tíì bí kò lè jẹ́rìí sóhun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi lọ wo ìwé ìsìnkú.

Ojú ìwé náà ti pọ́n, yíǹkì rẹ̀ ti ṣá, àmọ́ ìlà yẹn ṣì ṣeé kà: orúkọ bàbá bàbá mi, orúkọ bàbá tó bí wọn, lẹ́yìn náà, "ọmọ oṣù 14". Ọmọ méjì ló jẹ́ orúkọ kan náà. Ìwé ìbí tí gbogbo wa ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí, ti ọmọ tó kú ni. Àbúrò rẹ̀ ló ń lò ó títí ó fi dàgbà tó sì darúgbó. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an. Mo ti kọ ọmọ náà sínú ìlà ìran wa, láyè tirẹ̀, ṣáájú bàbá.

Àwọn kan ní kí n ṣe àyẹ̀wò DNA. Ó wúlò láti mọ ẹni tó bá wa tan, àmọ́ kò lè dá ẹjọ́ yìí: ọmọ oṣù 14 ò fi ọmọ sílẹ̀ tí a ó fi wò ó.

Ìwé ìgbéyàwó ò tíì yé mi. Àbúrò bàbá mi náà ò tíì gbà, mo sì kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí wọ́n ti gbọ́ ọ, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí mo rí nínú ìwé. Lọ́dún tó ń bọ̀, ìyá bàbá bàbá mi ló kàn: orúkọ méjì ni ìwé pè wọ́n, ilé méjì sì ni àwọn àgbà ní wọ́n ti wá.